Máṣíìnì mi lójú omi Ọ̀pàrà

Ní ọdún 1983, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kúrò ní Ṣakí. Ti àkọ́kọ́, wọ́n lé mi ni. Ti ẹ̀ẹ̀kejì, máṣíìnì mi ni mo padà lọ gbé.

Àwọn ọmọ tó ń gun Haojue àti Bajaj kiri Manigri, ìlú wa ní Benin, lónìí kò lè mọ ohun tí máṣíìnì jẹ́ lójú wa nígbà náà. Bíríkìlà ni mí ní Ṣakí, ní Nàìjíríà. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi to búlọ́ọ̀kù kí n tó rí owó ra Yamaha 100 àlòkù kan, pupa, tí ìjókòó rẹ̀ ti ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Náírà níyì láyé ìgbà yẹn, agboolé tí kò ní ọmọ kan ní Nàìjíríà tàbí ní Gánà kò pọ̀ láàrin wa.

Ọjọ́ 17 oṣù kìíní ni ìjọba Ṣàgàrí kéde pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé kó ẹrù wọn, ọ̀sẹ̀ méjì péré. Àwọn ará Gánà ni ayé ń rántí, nítorí àwọn ló pọ̀ jù. Orúkọ wọn ló sì lẹ̀ mọ́ báàgì aláwọ̀ wínníwínní yẹn títí dòní. Ṣùgbọ́n àwa ará Benin náà wà níbẹ̀. Èdè wa àti ti àwọn ará Ṣakí jọra, ẹnikẹ́ni kò kà wá mọ́ àjèjì títí di ọjọ́ tí wọ́n kà wá mọ́ ọn.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ẹ́ńjìnnì mi wà ní títú nílẹ̀ lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, tó ń dúró de ríìngì láti Ìbàdàn. Mo gbé àpótí mi, mo fi ara máṣíìnì àti agolo tí a kó nọ́ọ̀tì rẹ̀ sí sílẹ̀ fún baba onílé mi. Ó ní, "Máa lọ, ọmọ mi. Kì í ṣe ẹran, kò ní jẹrà."

Ó di oṣù kẹsàn-án, tí a ti jẹ iṣu tuntun, kí n tó padà. Baba ti fi aṣọ bò ó, eruku ò bà á. Mẹkáníìkì tò ó, ó ta kíìkì lẹ́ẹ̀mẹta, ó dún. Ọ̀nà ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ jẹ́ ti ẹni tó ní ìwé. Èmi kò ní ju rìsíìtì tí ẹni tó tà á fún mi fi báírò kọ. Ni mo bá gba inú igbó, mo dorí kọ odò Ọ̀pàrà.

Odò yìí ni ààlà níbẹ̀. Ọdún 1889 ni Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ti fọwọ́ síwèé lórí ilẹ̀ wa, wọn ò bi ará etí odò kankan. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹsẹ̀ lèèyàn fi ń là á kọjá. Ṣùgbọ́n lóṣù kẹsàn-án, ó ti kún dé ẹnu, ó pọ́n bí amọ̀, ó ń gbé igi lọ.

Bàbá àgbàlagbà kan àti ọmọ rẹ̀ ló ni ọkọ̀, igi kan ṣoṣo tí wọ́n gbẹ́ nínú. Ó ní kí ni mo fẹ́ gbé. Mo ní máṣíìnì. Ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹ̀yìn mi, ó ń wá ẹ̀rọ ìránṣọ! Nílé wa, mọ́tò là ń pe alùpùpù, bí àwọn Faransé ti ń pè é. Ní Ṣakí, tí o bá ní o ní mọ́tò, ọkọ̀ onítáyà mẹ́rin ni wọn yóò máa wò fún. Ahọ́n mi ti di ti Ṣakí, n kò mọ̀.

Náírà kan ni tèmi, náírà mẹ́ta ni ti máṣíìnì.

"Baba, ṣé ó sanra jù mí lọ ni?"

"Bí ọkọ̀ bá dojú dé, ìwọ á wẹ̀. Òun ńkọ́?"

Èmi tí n kò mọ̀ ọ́n wẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi! Mo sanwó.

Èrò mi ni pé a ó gbé e nàró, kí n gùn ún kọjá bí ọba. Baba kọ̀, ó ní ohun tó bá ga nínú ọkọ̀, odò ló ni ín. A fa epo inú táńkì sínú kẹ́ẹ̀gì, mo fi àkísà di ẹnu sàlẹ́ńsà, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì tẹ́ ẹ sórí igi wẹ́wẹ́ nínú ọkọ̀, apá rẹ̀ kan yọ síta bí ìwo màlúù. Mo jókòó tì í, mo fi itan gbá a mú. Baba ń fi ọ̀pá ti ọkọ̀, ọmọ ń fi kèrègbè gbọ́n omi. Wọn ò dorí kọ òdìkejì; etí bèbè ni a kọ́kọ́ gbà lọ sókè odò, kí a tó jẹ́ kí omi gbé wa wálẹ̀ sí èbúté. Itan mi ń tutù, ó ń yún mi díẹ̀. Ta ló ráyè wo itan?

Kí ọkàn mi lè balẹ̀, baba ń sọ̀tàn. Ó ní láyé àwọn bàbá òun, igbá ńlá ni wọ́n fi ń gbé èèyàn sọdá: ìwọ á di igbá mú, òmùwẹ̀ á máa tì í. (Òótọ́ ni, àwọn òyìnbó ìjọ tó wá ní àwọn ọdún 1850 kọ ọ́ sílẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé àwọn kọjá odò Ògùn.) Mo fojú inú wo Yamaha mi lórí igbá, ẹ̀rín pa mí. Ọkọ̀ mì. Ẹ̀rín dá.

Ní òdìkejì, mo ta kíìkì títí, kò dáhùn, àfi ìgbà tí mo yọ pọ́lọ́ọ̀gì tí mo nù ún. Odò Wẹmẹ dábùú ọ̀nà tààrà lọ sílé, nítorí náà mo yí po: Kilibo, Ṣabẹ, Dasa, Savalu, Bantè. Ohun tí mo fún àwọn tó ta okùn dí ọ̀nà, ẹ má bi mí. Oríire mi ni pé n kò fi í di ọdún kejì, nítorí oṣù kẹrin 1984 ni Nàìjíríà ti ẹnubodè pa, ó di 1986 kí wọ́n tó ṣí i.

Alẹ́ ọjọ́ kẹta ni mo wọ Manigri. Gbogbo àdúgbò jáde wá wo iná iwájú máṣíìnì. Lówùúrọ̀, ìyá mi fọ ṣòkòtò mi, ó nà án sókè kojú oòrùn, ó sì pariwo pè mí. Láti itan dé orúnkún, ihò wẹ́wẹ́ ló kún un bí ajere. Omi bátìrì ló ti ń kán sí mi lára látorí odò.

Ìyá mi ti ìka bọ ọ̀kan nínú ihò náà, ó wò mí lójú. Ó ní, "Irú ẹja wo ló wà nínú odò yín yẹn?"