Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: Gerrit, Docker àti àkọtọ́ Yorùbá

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè jọ ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà nìkan lójú ẹni tí kò bá fara balẹ̀ wò ó, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ èdè wa ni, láti orí dé ẹsẹ̀. Ta ni yóò máa sọ fún ẹ̀rọ ohun tí í ṣe àkọtọ́ Yorùbá, níbo ni yóò sì ti máa sọ ọ́? Èrò tèmi ni pé ilé tiwa ni ó yẹ kí ó ti bẹ̀rẹ̀, lórí ẹ̀rọ tí ó wà níwájú wa, lójú gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn.

Àtúnyẹ̀wò kì í ṣe ohun àjòjì sí ìtàn kíkọ èdè wa. Ní 1875, wọ́n pe ìpàdé kan ní Èkó láti fẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá sílẹ̀. Ní 1966, wọ́n tún yan ìgbìmọ̀ àkọtọ́, ọdún kan lẹ́yìn tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé tẹ ìwé rẹ̀ lórí àkọtọ́ Yorùbá jáde. Nígbà tí ó sì di 1974, ìjọba fi òǹtẹ̀ lu àkọtọ́ tí à ń lò nílé ẹ̀kọ́ títí di òní. Irú àtúnyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ni ó sọ “aiye” di “ayé”, tí ó sì sọ “enia” di “ènìyàn”. Ẹnìkan mú àbá wá, àwọn yòókù gbé e yẹ̀ wò, wọ́n jiyàn, wọ́n sì gbà á tàbí wọ́n kọ̀ ọ́.

Àwọn tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà náà ní irú ìjókòó bẹ́ẹ̀. Ní 1976, Michael Fagan, òṣìṣẹ́ IBM, kọ àpilẹ̀kọ kan tí ó ṣàlàyé bí àwọn ẹlẹgbẹ́ ṣe lè jókòó yẹ kóòdù ara wọn wò kí ó tó di lílò. Lónìí, irinṣẹ́ ni ó ń ṣètò ìjókòó náà. Ọ̀kan nínú wọn ni Gerrit, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Google ní nǹkan bí 2008 fún iṣẹ́ Android, tí wọ́n sì fi orúkọ Gerrit Rietveld, ayàwòrán ilé ọmọ ilẹ̀ Netherlands, sọ ọ́. Orí Git, tí Linus Torvalds dá sílẹ̀ ní 2005, ni ó dúró lé. Bí ènìyàn bá mú àtúnṣe wá, àtúnṣe náà kì í bọ́ sínú iṣẹ́ gbogbogbòò lójú ẹsẹ̀. Yóò kọ́kọ́ dúró ní ìloro, àwọn olùyẹ̀wò yóò kà á ní ìlà kọ̀ọ̀kan, wọn yóò sọ èrò wọn, wọn yóò sì fún un ní máàkì láti -2 dé +2. Bí ẹni tí ó láṣẹ bá fi -2 lé e, kò lè wọlé. Bí ó bá gba +2, tí kò sì sí -2 kankan lórí rẹ̀, ọ̀nà là fún un. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ohun tí ó mú èmi, olùkọ́ ẹ̀dá-èdè, dé ìdí Gerrit ni iṣẹ́ kan tí èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ jọ ń ṣe. À ń kó àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá jọ fún ètò tí yóò máa yẹ àkọtọ́ wò, a sì ń fi Python kọ òfin tí ètò náà yóò máa tẹ̀ lé. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Bí àmì kan bá sọnù, ìtumọ̀ ti sọnù. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ní wàhálà mìíràn tí ojú kò lè rí. Nínú Unicode, “ẹ” ní nọ́ńbà tirẹ̀, U+1EB9. “É” náà ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n “ẹ́”, tí ó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀, kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. A lè kọ ọ́ ní “ẹ” pẹ̀lú àmì òkè, a lè kọ ọ́ ní “é” pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀, a sì lè kọ ọ́ ní “e” lásán kí a wá to àmì méjèèjì tẹ̀ lé e. Lójú ènìyàn, ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n. Lójú ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni. Gerrit yóò fi ìlà pupa àti ìlà àwọ̀ ewé hàn ọ́ pé nǹkan yí padà, ìwọ yóò sì máa wò ó tì.

Èyí ni ó mú kí kọ̀ǹpútà oníkálukú di ìṣòro. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ń lo Windows, èkejì ń lo Ubuntu, ẹ̀kẹta ń lo Mac. Ọ̀nà tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ń gbà to ọ̀rọ̀ yàtọ̀ síra, gẹ́gẹ́ bí èdè àti ìlú tí wọ́n ṣètò rẹ̀ fún. Àwọn kan ń to ọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà lẹ́tà ṣe rí, tí “ẹja” yóò fi lọ gbẹ̀yìn “yàrá”, bẹ́ẹ̀ “ẹ” ni lẹ́tà karùn-ún nínú álífábẹ́ẹ̀tì wa. Kódà bí ìlà ṣe ń parí lórí Windows kò bá ti Linux mu. Nítorí náà, ohun tí ó yege lọ́wọ́ ẹnìkan a máa kùnà lọ́wọ́ ẹnìkejì, àríyànjiyàn a sì kúrò lórí èdè bọ́ sórí ẹ̀rọ. Ìpàdé wákàtí méjì a tú ká láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ Yorùbá kan.

Ibí yìí ni kọ̀ntẹ́nà ti wúlò. Ẹni tí ó bá ti gba Àpápá kọjá mọ ohun tí kọ̀ntẹ́nà ńlá jẹ́: ohun yòówù tí ó wà nínú rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ ti di mímọ̀, kéréènì kan náà ni yóò sì gbé e ní èbúté gbogbo. Ní 1956, Malcom McLean fi ọkọ̀ òkun Ideal X kó kọ̀ntẹ́nà 58 láti Newark lọ sí Houston, ọ̀nà tí ayé ń gbà kó ẹrù sì yí padà láti ìgbà náà. Docker, tí Solomon Hykes fi han ayé ní 2013, yá orúkọ àti ọgbọ́n náà lò: a di ètò kọ̀ǹpútà pọ̀ mọ́ gbogbo ohun tí ó nílò, ibi yòówù tí a bá gbé e lọ, bákan náà ni yóò máa ṣiṣẹ́. Kì í ṣe odindi kọ̀ǹpútà nínú kọ̀ǹpútà. Ó ń bá ẹ̀rọ tí ó gbà á lálejò pín kernel Linux lò, ìdí nìyí tí kò fi wúwo.

Bí a ṣe ṣe é rèé. A kọ fáìlì kan, compose.yaml, a sì to kọ̀ntẹ́nà méjì sínú rẹ̀. Èkíní ni Gerrit fúnra rẹ̀, tí àwọn tí ó ni ín ti pèsè àwòṣe rẹ̀ sílẹ̀ ní orúkọ gerritcodereview/gerrit. Ẹnu ọ̀nà 8080 ni a ń gbà wò ó, 29418 sì ni ti SSH. Èkejì ni Python pẹ̀lú òfin àkọtọ́ wa. Òun ni ó ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀ di ìlànà NFC kan ṣoṣo, tí ó sì ń tò wọ́n bí álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá ṣe wí, “gb” lẹ́yìn “g”, “ṣ” lẹ́yìn “s”. A dárúkọ ẹ̀dà tí a fẹ́ ní pàtó, a kò kọ “latest”, kí ti òní má baà yàtọ̀ sí ti ọ̀la. A sì so fódà git ti Gerrit mọ́ ìpamọ́ lóde kọ̀ntẹ́nà, nítorí láti Gerrit 3.0 tí ó jáde ní 2019, inú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àtúnyẹ̀wò pẹ̀lú ń gbé. Ẹni tí kò bá so ó, ọjọ́ tí ó bá pa kọ̀ntẹ́nà rẹ́ ni iṣẹ́ rẹ̀ bá a lọ. Lẹ́yìn èyí, “docker compose up -d” ti tó.

Dátà wọ́n, iná ìjọba kò sì dúró sójú kan. Nítorí náà, ẹnìkan ṣoṣo ni ó fa àwòṣe náà wálẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó fi “docker save” sọ ọ́ di fáìlì sórí fíláàṣì, àwọn yòókù fi “docker load” gbà á. Lọ́jọ́ ìpàdé, kọ̀ǹpútà alágbèéká kan ni ó ń gbé Gerrit fún gbogbo wa lórí ráútà kékeré tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Ẹ jẹ́ kí n kìlọ̀ níhìn-ín: bí àwòṣe náà ṣe wá, ẹnikẹ́ni lè wọlé ní orúkọ ẹnikẹ́ni. Inú yàrá tí a ti mọ ara wa ni ó wà fún. Kò gbọdọ̀ dé ojú òde.

Ní báyìí, èdè ni a ń bá ara wa jiyàn lé lórí. Akẹ́kọ̀ọ́ kan mú òfin wá pé kí ètò náà gba “ènìyàn” nìkan, kí ó fi ìlà pupa sábẹ́ “èèyàn”. Èyí tí ó kéré jù láàárín wọn, ọmọbìnrin tí kì í sábà sọ̀rọ̀ ní kíláàsì, fi -1 lé e. Ó kọ ọ́ sábẹ́ ìlà náà pé, “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. ‘Èèyàn’ ni ìyá mi ń sọ, òun ni mo sì ń rí nínú ìwé ìròyìn. Ṣé a ó sọ pé wọn kò gbọ́ Yorùbá ni?” Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kà á, ó ronú, ó sì mú àtúnṣe mìíràn wá tí ó gba méjèèjì. Èmi ni mo fi +2 sí i. Bí ó bá jẹ́ pé orí ẹ̀rọ oníkálukú ni wọ́n ti ń dán an wò bíi ti tẹ́lẹ̀, wọn ì bá sọ pé kọ̀ǹpútà ọmọ náà ni kò ṣe déédéé, ọ̀rọ̀ ì bá sì tán síbẹ̀.

Ìlà pupa kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ọmọ tí ẹ̀rọ bá ń fa ìlà pupa sábẹ́ èdè ìyá rẹ̀ lójoojúmọ́ yóò gbà lọ́jọ́ kan pé èdè náà ni ó ní àbùkù. Ẹni tí ó bá jókòó síbi àtúnyẹ̀wò ni ó ń pinnu ibi tí ìlà náà yóò wà. Bí àwa kò bá tẹ́ ẹní ìjókòó náà sílé, ẹlòmíràn yóò tẹ́ ẹ sí ọ̀nà jíjìn, yóò sì bá wa pinnu. Ẹ̀yin olùkọ́ èdè, ẹ pe àwọn ọmọ tí ó mọ kọ̀ǹpútà sún mọ́ra. Ẹ̀yin ọmọ tí ó mọ kọ̀ǹpútà, ẹ lọ bá àwọn olùkọ́ yín. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ire o.