Kóòdù Orí Ìwé

Mo gba ẹ̀gbẹ́ gbọ̀ngàn ìdánwò kan kọjá láàárọ̀ yìí.
Àwọn ọmọ ọdún kìíní ń kọ́ kóòdù sórí bí ẹni tó ń kọ́ ẹsẹ Ifá.
Ẹ gbọ́ o, kóòdù!

Orí ìwé ni wọ́n máa kọ ọ́ sí. Bírò àti tákàdá.
Kò sí kọ̀ǹpútà tó máa pariwo pé nǹkan ti bàjẹ́.

Bẹ́ẹ̀ nínú èdè C, bí semicolon kan ṣoṣo bá fò ọ́, kò ní ṣiṣẹ́.
Èdè Python ò bìkítà fún semicolon ní tiẹ̀, àlàfo iwájú ìlà ló ń ṣọ́.
Fi àlàfo síbi tí kò yẹ, ó parí.
Báwo ni olùkọ́ ṣe fẹ́ ka àlàfo nínú ìwé tí ọmọ fi ìkánjú kọ?

Mi ò sọ pé ìdánwò orí ìwé ò wúlò rárá o.
Ó ń jẹ́ kéèyàn ronú kó tó tẹ bọ́tìnì.
(Iná náà ò sì dúró sójú kan, ká má purọ́.)
Àmọ́ kí kóòdù kọ̀, kéèyàn wá ibi tó ti kọ̀ títí á fi rí i, kó tún un ṣe: ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ kóòdù wà.
Kóòdù orí ìwé kì í kọ̀. Ó di ọjọ́ tí èsì bá jáde.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe ìdánwò kóòdù rí, ṣé ẹ̀yin náà fọwọ́ kọ ọ́?
Àbí ilé-ìwé tiyín gbé kọ̀ǹpútà síwájú yín?
Ẹ bá wa sọ ọ́.