Ọjọ́ Ìsinmi ní Erékùṣù Méjì

Bí ẹ bá ní àwòrán ilẹ̀ ayé nínú ilé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tẹ́ ẹ síwájú àwọn ọmọ kí ẹ tó ka èyí. Ẹ wá ìsàlẹ̀ Òkun Àtìláńtíìkì, láàrin Gúúsù Áfíríkà àti Gúúsù Amẹ́ríkà. Ẹ ó rí àmì bíńtín kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Tristan da Cunha. Lẹ́yìn náà ẹ wá ilẹ̀ Niu Silandi, kí ẹ sì lọ sí ìlà oòrùn rẹ̀ ní ìwọ̀n kìlómítà 800. Àwọn erékùṣù Chatham nìyẹn.

Aago Greenwich ni wọ́n ń lò ní Tristan, nítorí náà wákàtí kan péré ni ó fi wà lẹ́yìn aago Èkó. Ti Chatham yani lẹ́nu: ìṣẹ́jú 45 ni ó fi ṣáájú aago Niu Silandi, kì í ṣe wákàtí kan pípé, kì í sì í ṣe ààbọ̀. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, wákàtí 13 àti ìṣẹ́jú 45 ni ó wà láàrin erékùṣù méjèèjì. Nígbà tí ará Tristan bá sì wà nínú oko pòtétò rẹ̀ ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú 15 ní òwúrọ̀ Sátidé, Ọjọ́ Ìsinmi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé ní Chatham. Bí a bá tẹ̀lé oòrùn nìkan, Sátidé ni ì bá ṣì jẹ́ níbẹ̀, nítorí Chatham ti rékọjá ìlà 180. Ṣùgbọ́n a tẹ ìlà ọjọ́ náà yí i ká, kí òun àti Niu Silandi má baà máa pe ọjọ́ kan ní orúkọ méjì.

Àwọn ènìyàn Tristan kò tó 300, ìletò kan ṣoṣo ni wọ́n sì ní. Kò sí pápá ọkọ̀ òfurufú níbẹ̀. Ìrìn bí ọ̀sẹ̀ kan ni lórí omi láti Cape Town. Òkun gan-an ni aago wọn. Bí ó bá pa rọ́rọ́ ní ìdájí, a ó lu sílíńdà gáàsì òfìfo kan tí a so rọ̀, gbogbo apẹja a sì dìde lọ pa edé ńláńlá inú òkun. Ní ọdún 1946 wọ́n ṣe sítáǹpù kan tí a kọ iye pòtétò tí a lè fi rà á sí ara rẹ̀. (Ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín, owó kò wọ́pọ̀ níbẹ̀ nígbà náà.) Ní ọdún 1961 òkè oníná bú gbàù ní ẹ̀gbẹ́ ìletò, a sì kó gbogbo wọn lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí iná mànàmáná àti ọjà ńláńlá gbé wà. Ní ọdún 1963 púpọ̀ nínú wọn padà sílé.

Ìtàn Chatham wúwo jù èyí lọ. Àwọn Moriori ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ dó. Nunuku-whenua, baba ńlá wọn kan, fi òfin lélẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa ẹlòmíràn. Bí ìjà bá dé, ọ̀pá ni kí wọ́n fi jà, bí ẹ̀jẹ̀ bá sì ti hàn, kí ó parí. Ní ọdún 1835 ìwọ̀n 900 ènìyàn láti inú ẹ̀yà Māori méjì gúnlẹ̀ síbẹ̀. Àwọn Moriori gbà wọ́n lálejò. Nígbà tí àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí gba ilẹ̀, àwọn Moriori pe ìpàdé. Àwọn ọ̀dọ́ ní kí a jà. Àwọn àgbà ní a kò lè da májẹ̀mú baba wa. Ọ̀rọ̀ àgbà ni wọ́n tẹ̀lé. A pa bí 300 nínú wọn, a sì kó àwọn ìyókù lẹ́rú títí di ọdún 1863.

Ó ṣòro fún wa láti ka ibẹ̀ yẹn láì gbé ìwé sílẹ̀ díẹ̀. Àwa tí a ń kọ́ ọmọ wa láti yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì, kí ni à bá sọ ní ìpàdé náà bí ọmọkùnrin wa bá wà láàrin àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyẹn?

Nígbà tí Tommy Solomon kú ní ọdún 1933, ọ̀pọ̀ ìwé sọ pé ìran Moriori ti parí. Irọ́ ni. Àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ àti ti àwọn ẹlòmíràn wà láàyè, ère rẹ̀ sì dúró ní Chatham. Ní ọdún 2020 ìjọba Niu Silandi fọwọ́ sí àdéhùn pẹ̀lú wọn, ó sì tọrọ àforíjì.

Bí ẹ bá ń ka èyí nílé ní aago mẹ́jọ alẹ́ Sátidé, aago méje ni ní Tristan, àwọn apẹja sì ti wálé. Ní Chatham, òwúrọ̀ Ìsinmi ni.