Ìrìn Ọjọ́ Kan láti Ìbàdàn sí Àpáta Olúmọ

Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè etí òkun, bí ìdílé bá fẹ́ ṣeré jáde lọ́jọ́ ìsinmi, wọn a gun òkè tó dojú kọ omi, wọn a sì wo ilé odi tí àwọn jagunjagun àtijọ́ kọ́ síbẹ̀. Ní Elmina, ní Gánà tí kò jìnnà sí wa, odi tí àwọn Potogí kọ́ ní ọdún 1482 ṣì wà létí òkun títí dòní. Etí òkun tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Láti Badagry títí dé Lẹ́kí, iyanrìn ló tẹ́ lọ rẹrẹ. Inú ilẹ̀ ni àwọn òkè wa wà, ibẹ̀ náà sì ni àwọn èèyàn wa sá sí nígbà ogun.

Bí ẹ̀yin òǹkàwé wa ní Bódìjà, Àgbowó, Ring Road tàbí Challenge bá ń wá ibi tí ẹ lè kó àwọn ọmọ lọ kí ẹ sì padà sílé lọ́jọ́ kan náà, Olúmọ ní Abẹ́òkúta ni mo máa kọ́kọ́ dárúkọ fún yín. Ibẹ̀ rẹwà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹwà nìkan ni mo ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀. Apá kan wà nínú ìtàn Ìbàdàn tí a kì í sábà sọ fún ọmọ, abẹ́ àpáta yẹn ló sì wà.

Lójú ọ̀nà

Ní àárọ̀ Sátidé kan, èmi, ìyàwó mi, àwọn ọmọ wa méjèèjì àti ìyá mi gbéra láti Bódìjà kí aago méje tó lù. A gba Dùgbẹ̀, a kọjá Odò Ọ̀nà sí Àpáta, a sì gba Ọmí-Àdìó àti Bákátàrí lọ. Ọ̀nà náà kò ju nǹkan bí 80 kìlómítà lọ. Ẹni tí kò bá fẹ́ wakọ̀ lè wọ ọkọ̀ ojú irin ní Mọníyà, kó sọ̀ ní ibùdókọ̀ Láderin ní Abẹ́òkúta, kó sì wá takisí dé ìdí àpáta.

Bí a ti ń kọjá Odò Ọ̀nà ni mo bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Mo sọ fún àwọn ọmọ pé kí Ìbàdàn tó di ìlú ńlá, ìlú kékeré àwọn Ẹ̀gbá Gbágùúrá ló wà níbẹ̀. Lẹ́yìn tí ogun ti fọ́ àwọn ìlú Ẹ̀gbá, àwọn ọmọ ogun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́ tẹ̀dó síbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1829, wọ́n sì sọ ọ́ di ibùdó ogun. Àwọn Ẹ̀gbá kan ṣì ń bá wọn gbé, ṣùgbọ́n ara kò tù wọ́n. Nígbà tó yá, ìjà bẹ́ sílẹ̀. Ní ọdún 1830, Ṣódẹkẹ́ kó àwọn èèyàn rẹ̀ jáde, wọ́n dorí kọ ìhà tí àwa náà ń lọ, wọ́n sì rìn títí wọ́n fi dé abẹ́ òkúta ńlá kan. Ibẹ̀ ni wọ́n tẹ̀dó sí, òun ni Abẹ́òkúta.

Ọmọbìnrin mi, tó jẹ́ ọmọ ọdún 10, wá bèèrè pé, “Dádì, ta ni wọ́n ń sá fún gan-an?”

Kí n tó lanu ni ìyá mi ti yíjú sẹ́yìn. Ọmọ Ìbàdàn pọ́ńbélé ni wọ́n, agbo ilé jagunjagun ni wọn sì ti wá. “Àwa ni, ọmọ mi,” ni wọ́n wí. “Àwọn baba ńlá wa wà lára àwọn tí wọ́n sá fún.”

Gbogbo wa dákẹ́ títí a fi kọjá Ọmí-Àdìó.

Lábẹ́ àpáta

Àtẹ̀gùn ni àwọn ọmọ gùn. Ẹ̀rọ agbéniròkè wà níbẹ̀ fún àgbàlagbà, ṣùgbọ́n ìyá mi ní ẹsẹ̀ ni àwọn yóò fi gùn ún, díẹ̀díẹ̀ la sì ń bá wọn lọ.

Ibi tó ń dá èèyàn dúró jù lọ ni yàrá tó wà lábẹ́ òkúta, níbi tí àwọn tó ń sá fún ogun fara pa mọ́ sí. Àgbàlagbà gbọ́dọ̀ tẹ̀ ba kó tó lè wọlé. Lórí ilẹ̀ àpáta náà ni àwọn ihò róbótó wà, tí àwọn obìnrin ti ń lọ nǹkan ọbẹ̀. Ọmọkùnrin mi ki ọwọ́ bọ ọ̀kan, ó sì bèèrè bóyá ìbọn ló dá a lu. Ìyá mi rẹ́rìn-ín. “Ata ni wọ́n ń lọ níbẹ̀. Ebi kì í gbọ́ pé ogun dé.”

Lẹ́yìn èyí, àwọn ọmọ kò tún bèèrè ọ̀rọ̀ akọni mọ́. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ mọ̀ ni ibi tí wọ́n ti ń pọnmi, ibi tí àwọn ọmọdé ń sùn sí, àti bí wọ́n ṣe ń pa ọmọ ọwọ́ lẹ́nu mọ́.

Lórí òkè

Téńté Olúmọ fi mítà 137 ga ju ojú òkun lọ. Láti ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí àwọn òrùlé páànù tó ti pọ́n lọ súà, àti Odò Ògùn lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹ ó rí ìdí tí àwọn tó ń ṣọ́ ogun fi fẹ́ràn irú ibẹ̀.

Ogun sì wá lóòótọ́. Ní oṣù kẹta ọdún 1851, Ọba Gezo ti Dàhòmì kó ogun dé, àwọn ọmọ ogun obìnrin rẹ̀ sì wà níwájú. Ní ọdún 1864, Ọba Glele ọmọ rẹ̀ tún wá. Ìgbà méjèèjì ni àwọn Ẹ̀gbá lé wọn padà. Àpáta ti fi wọ́n pa mọ́ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, odi amọ̀ tí wọ́n mọ yí ìlú ká àti ìbọn ọwọ́ wọn ni wọ́n fi jà. Inú ọmọbìnrin mi dùn láti gbọ́ nípa àwọn obìnrin jagunjagun náà. Mo fi kún un pé wọ́n wá kó èèyàn lẹ́rú ni.

Àmọ́ ó rọrùn fún wa láti dá Dàhòmì lẹ́bi, ọ̀nà wọn jìn. Láàárín ogun Dàhòmì méjèèjì, Ìbàdàn gbógun ti Ìjàyè, àwọn Ẹ̀gbá sì gbè sẹ́yìn Ìjàyè. Nígbà tí Ìjàyè fọ́ ní ọdún 1862, ọ̀pọ̀ àwọn tó yè sá wá sí Abẹ́òkúta. Àdúgbò Àgọ́-Ìjàyè ṣì ń jẹ́ orúkọ wọn. Ẹ̀ẹ̀mejì nìyẹn tí ìlú yìí ti jẹ́ ibi ìsádi fún àwọn tó ń sá fún Ìbàdàn. Ní àkókò kan náà, ìwé ìròyìn Yorùbá àkọ́kọ́ ń jáde ní Abẹ́òkúta. Henry Townsend ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1859, ó sì pè é ní ti àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá, bí ẹni pé méjì ni wọ́n. Èdè kan náà ni ẹni tó ń lé àti ẹni tó ń sá fi ń kígbe.

Kí ẹ tó lọ

Ẹ tètè gbéra kí oòrùn tó mú. Ẹ wọ bàtà tí kì í yọ̀, ẹ gbé omi dání, kí ẹ má sì jù ọwọ́ ọmọdé sílẹ̀ lórí òkè. Bí ẹ bá dé ojúbọ, ẹ kí àwọn ìyá tó wà níbẹ̀ kí ẹ tó yọ fóònù, kí ẹ sì gba àyè kí ẹ tó ya fọ́tò. Ọjà àdìrẹ Ìtòkú kò jìnnà, ẹ ó sì rí láfún àti ewédú jẹ kí ẹ tó padà.

Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ kó àwọn ọmọ lọ sí Òkè Àrẹ̀ nílé níbí, kí wọ́n gun ilé ìṣọ́ tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1936 ní ìrántí Captain Bower, ajẹ́lẹ̀ àkọ́kọ́ ní Ìbàdàn. Ẹ sọ fún wọn pé ọkùnrin náà ló fi ìbọn àgbá lu Ọ̀yọ́ ní ọdún 1895. Bí wọ́n bá bèèrè ẹni tí àwọn ará Ọ̀yọ́ ń sá fún, ẹ dá wọn lóhùn bí ìyá mi ti ṣe. Ẹ má fi èyíkéyìí pa mọ́.