Aṣọ àti Ìwé Àdéhùn: Agbára Obìnrin Nínú Fíìmù

Láti oṣù Kẹfà ọdún 2023 títí di oṣù Kẹrin ọdún 2024 ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Victoria and Albert ní Lọ́ńdọ̀nù, tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí V&A, fi gbé àfihàn kan kalẹ̀ tí wọ́n pè ní DIVA. Àwọn obìnrin tó ń kọrin nínú ọ́pẹ́rà, ìyẹn eré orí ìtàgé tó jẹ́ pé orin ni wọ́n fi ń sọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ló kọ́kọ́ ń jẹ́ orúkọ yìí, kí ó tó kan àwọn òṣèrébìnrin inú fíìmù àti àwọn olórin òde òní. Ohun tí àfihàn náà fẹ́ fi yé òǹwòran ni pé àwọn obìnrin wọ̀nyí fi ẹ̀bùn àti àyà níní gba ipò fún ara wọn nínú iṣẹ́ tí àwọn ọkùnrin ń darí. Èrò náà tọ́, ṣùgbọ́n aṣọ ni wọ́n fi ṣe ẹlẹ́rìí rẹ̀ jù, bẹ́ẹ̀ aṣọ inú fíìmù, ilé-iṣẹ́ tó ṣe fíìmù ló sábà máa ń ni ín, kì í ṣe obìnrin tó wọ̀ ọ́.

Àpẹẹrẹ kan ni aṣọ dúdú tí òṣèrébìnrin Marilyn Monroe wọ̀ nínú Some Like It Hot, fíìmù ọdún 1959, tí fọ́nrán òwú ń fì lára rẹ̀ bí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá mira. Ẹwà rẹ̀ kò ní àríyànjiyàn nínú. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí agbára Monroe wà gan-an yóò wá a lọ sí ìparí ọdún 1954, nígbà tó fi Hollywood sílẹ̀ lọ sí New York, tí òun àti Milton Greene tó jẹ́ ayafọ́tò dá ilé-iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀, tó sì kọ̀ láti ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ fíìmù Twentieth Century-Fox títí wọ́n fi fún un ní àdéhùn tuntun, èyí tó jẹ́ kí ó lè kọ olùdarí fíìmù tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ìtàn tó tan ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀rọ̀ yìí jù lọ wáyé ní Lọ́ńdọ̀nù kan náà, ní ọdún 1936, nígbà tí ilé-iṣẹ́ fíìmù Warner Brothers pe òṣèrébìnrin Bette Davis lẹ́jọ́. Láyé ìgbà náà, òṣèré a máa tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn tó lè dé ọdún méje, ilé-iṣẹ́ á máa yan ipa tí yóò kó fún un, wọ́n sì tún lè yá a fún ilé-iṣẹ́ mìíràn. Bí òṣèré bá kọ ipa kan, wọ́n á dá owó rẹ̀ dúró, wọ́n á sì fi gbogbo àsìkò tí kò fi ṣiṣẹ́ kún òpin àdéhùn náà, tó fi jẹ́ pé kíkọ̀ tó kọ̀ ló ń sọ ìdè rẹ̀ di gígùn sí i. Ẹni tó bá mọ bí ìwọ̀fà ṣe ń sìn, tí ọjọ́ tó fi ń roko olówó kì í dín gbèsè kù, kò ní pẹ́ lóye rẹ̀. Davis sá wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ṣe fíìmù fún ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n Adájọ́ Branson pàṣẹ pé kò gbọdọ̀ ṣe é. Lójú tirẹ̀, èyí kì í ṣe ìfipámúni sìn, níwọ̀n bí Davis ti lè wá iṣẹ́ mìíràn ṣe tí kì í ṣe eré. Ọ̀rọ̀ yẹn rọrùn lẹ́nu adájọ́. Davis padà sí Amẹ́ríkà, síbẹ̀ ipa tí wọ́n ń fún un dára sí i lẹ́yìn ẹjọ́ tó pàdánù náà, fíìmù Jezebel ọdún 1938 sì gba Oscar ẹlẹ́ẹ̀kejì fún un, ìyẹn àmì-ẹ̀yẹ tí àwọn eléré fíìmù Amẹ́ríkà kà sí jù lọ.

Òṣèrébìnrin mìíràn, Olivia de Havilland, ló wá já okùn náà. Ní ọdún 1943, ó pe Warner Brothers yìí kan náà lẹ́jọ́ ní California, ó ní ọdún méje tí òfin ìpínlẹ̀ náà fi ṣe òpin àdéhùn iṣẹ́, ọdún méje orí kàlẹ́ńdà ni, kò sí ẹni tó lè fi ọjọ́ ìdádúró kún un. Nǹkan bí ọdún méjì ni kò fi ríṣẹ́ ṣe, ṣùgbọ́n ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá a láre ní oṣù Kejìlá ọdún 1944, àtọkùnrin àtobìnrin inú iṣẹ́ náà ló sì jàǹfààní rẹ̀. Òfin De Havilland ni wọ́n ń pè é títí di òní.

Ní ti àwọn olórin, bíi Tina Turner àti Rihanna, tí aṣọ wọn náà wà nínú àfihàn DIVA, ọ̀rọ̀ tiwọn kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1987, àwọn aṣòfin California fi abala kan kún òfin náà, èyí tó fún ilé-iṣẹ́ tó ń gbé orin jáde lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè owó ìtanràn lọ́wọ́ olórin tó bá lọ lẹ́yìn ọdún méje láì tíì ṣe iye àwo orin tó wà nínú àdéhùn rẹ̀, nítorí náà ohun tí de Havilland gbà fún òṣèré kò tíì tẹ olórin lọ́wọ́ tán.