Wáyà ilé kọ́ ni wáyà bàálù

Ẹni tó fẹ́ ra wáyà iná ilé l'Abúlé Adó, ọjà Àlàbá ló máa gbà lọ, ọ̀rọ̀ parí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń fọwọ́ ara ẹ̀ to bàálù kékeré, bíi RV-6A àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n sọ di Air Beetle ní Kaduna, kó yáa lajú ẹ̀ dáadáa. Wáyà olókùn kan tó le gbagidi, jìgìjìgì ẹ́ńjìnnì á ṣẹ́ ẹ. Olókùn wẹ́wẹ́ ni kó rà. Èyí tí wọ́n fi PVC bò, èéfín olóró ló ń rú tó bá jóná. Tefzel kì í tètè gbiná. Gúlóòbù watt 24 lórí bátìrì volt 12, amp 2 ló ń fà. Kí fíúsì má ju agbára wáyà lọ. Bí iná bá sọ nílé, èèyàn á sá síta. Lókè ńkọ́, ibo ló fẹ́ sá gbà?