Láti Plymouth dé Kythera: Ohun Tó Pa Gloucester

Orí òkè Hoe ní Plymouth ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ìrìnàjò yìí, nídìí òpó ìrántí àwọn ọmọ ogun ojú omi tí agbami gbé mì. Ní Devonport, nítòsí ibẹ̀, ni wọ́n ti kan HMS Gloucester, ọkọ̀ ogun kúrúsà tó ní ìbọn ńlá 12, tí wọ́n sì tì í sómi lọ́dún 1937. Wọ́n máa ń sọ pé bọ́ǹbù Jámánì ló rì í. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, kí bọ́ǹbù tó dé, àṣẹ kan ti fà á lé ikú lọ́wọ́.

Láti Plymouth, mo kọjá sí Kythera, erékùṣù Gíríìsì tó wà ní àríwá ìwọ̀ oòrùn Kírétè. Omi tó wà láàárín erékùṣù méjèèjì tẹ́ gbalasa, kò síbi tí ọkọ̀ lè forí pamọ́ sí fún ọkọ̀ òfuurufú. Gloucester kì í ṣe ọ̀gbẹ̀rì níbi ogun nígbà tó débẹ̀. Ní July 1940, bọ́ǹbù pa Kápítéènì Garside tó ń darí rẹ̀. Ní March 1941, ó wà níbi ìjà ojú omi Matapan. Lọ́sàn-án May 22, 1941, àwọn ọkọ̀ òfuurufú Jámánì rì Greyhound, ọkọ̀ ogun Bírítéènì bíi Gloucester. Ádímírà King, tó ń darí àwọn ọkọ̀ Bírítéènì níbẹ̀, ní kí ọkọ̀ ogun Kandahar àti Kingston lọ yọ àwọn tó wà nínú omi, kí Gloucester àti ọkọ̀ ogun Fiji sì lọ gbèjà wọn. Nínú ọta tó yẹ kí Gloucester fi lé ọkọ̀ òfuurufú, ìdá 18 nínú 100 péré ló kù. Ti Fiji jẹ́ 30. King kò mọ̀. Nígbà tí Ádímírà Rawlings fi tó o létí, ó ní kí wọ́n padà, àmọ́ ẹ̀pa ò bóró mọ́: bọ́ǹbù rì Gloucester.

Ẹlòmíì á ní ọgbọ́n ẹ̀yìn ni mò ń gbọ́n, pé a kì í fi èèyàn ẹni sílẹ̀ nínú omi. Mo gbà pé ó yẹ kí wọ́n lọ gbà wọ́n là. Ti ọgbọ́n ẹ̀yìn ni n ò gbà: Rawlings ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ọta dé lọ́jọ́ náà gan-an. Ìròyìn yẹn ló yẹ kó ṣáájú àṣẹ. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Bẹ́ẹ̀ làwọn atukọ̀ náà ṣe lọ, Kápítéènì Rowley tó ń darí Gloucester sì bá ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Èyí tó dùn mí jù ni ohun tó tẹ̀ lé e. Fiji ju ohun tí wọ́n lè dì mú léfòó sílẹ̀ fún àwọn ará Gloucester tó wà nínú omi, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Nínú èèyàn 807, 722 kú. Ọwọ́ Jámánì ni àwọn 85 tó kù bọ́ sí. Wọ́n lè sọ pé ọkọ̀ tó bá dúró lójú ọ̀sán á rì pẹ̀lú wọn, mi ò sì jà á níyàn. Fiji fúnra rẹ̀ rì nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ ṣú, Kandahar àti Kingston padà wá, wọ́n sì kó èèyàn 523 nínú àwọn ará Fiji. Òkùnkùn kan náà ló ṣú bo àwọn ará Gloucester, ẹnikẹ́ni kò padà wá wò wọ́n. Cunningham, olórí gbogbo wọn ní Mẹditaréníà, kọ ọ́ lẹ́yìn náà pé àṣìṣe burúkú ni bí wọ́n ṣe rán ọkọ̀ méjèèjì padà sídìí Greyhound. Ti òru ọjọ́ náà ni mo ṣì ń bi wọ́n.